Ilé Àdùnní Olórìṣà

Ẹni tí ó bá ti Òkè-Ìlèwó lọ sí Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, yóò rí àwọn aládìrẹ. Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé ayàwòrán òyìnbó kan kọ́ irú iṣẹ́ yìí? Susanne Wenger ni orúkọ rẹ̀. Àwọn Yorùbá ń pè é ní Àdùnní Olórìṣà. Orílẹ̀-èdè Austria ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1915. Ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wà ní ọ̀nà Ìbòkun, ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ni ó ń gbé, ibẹ̀ náà ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Ère onígi pọ̀ níbẹ̀. Ó máa ń fi ẹ̀kọ láfún ya àwòrán sára aṣọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ti ń ṣe. Bí ẹ̀kọ náà bá gbẹ, a ó rẹ aṣọ sínú aró. Aró kì í wọ ibi tí ẹ̀kọ wà. Bí a bá fọ ẹ̀kọ kúrò, àwòrán yóò hàn.

Àdùnní àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo tún ojúbọ inú igbó Ọ̀ṣun ṣe. Wọn kò jẹ́ kí a gé igbó náà tán. Ní ọdún 2005, àjọ UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Àdùnní kú ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń tọ́jú ilé rẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ fi ojú wò ó, ẹ má fi ọwọ́ kàn án. Òógùn ọwọ́ máa ń ba aṣọ àti igi jẹ́. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá wó, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ bá a lọ nìyẹn.