Ìtọ́wò Ọtí Àgbẹ̀: Ọ̀rọ̀ tí Ahọ́n Wa Ti Ní

Ẹ̀yin olùgbọ́ mi, láti ọdún 1949 tí ìgò bíà Star àkọ́kọ́ ti jáde ní Ìgànmú, ní agbègbè Sùúrùlérè, ohun tí ó mọ́ gaara, tí ó sì tutù nini, ni ọ̀pọ̀ wa kà sí bíà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ tọ́ saison wò lè rò pé ó ti bàjẹ́.

Kò bàjẹ́, ọtí àgbẹ̀ ni. Láyé àtijọ́, ní gúúsù ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn àgbẹ̀ a máa pọn ọ́n nígbà òtútù, kí àwọn alágbàṣe lè rí i mu nígbà ooru. Wọn a jẹ́ kí ọkà báálì hù kí wọ́n tó sè é, gẹ́gẹ́ bí a ti í ṣe àgbàdo fún ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ìwúkàrà rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ gbogbo ṣúgà inú rẹ̀ tán. Ìdí nìyí tí adùn rẹ̀ kì í fi í pẹ́ lẹ́nu.

Bí mo bá ń tọ́ ọ wò, ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń bi ahọ́n mi. Ǹjẹ́ ó dùn? Díẹ̀. Ǹjẹ́ ó korò? Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí òdòdó hop. Ǹjẹ́ ó kan? Fẹ́ẹ́rẹ́, kò tó ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Ǹjẹ́ ó ta? Ó ta bí iyèré, ṣùgbọ́n ìwúkàrà ni ó fa títa náà.

Bí àwa ará Yábàá àti Mùṣín bá ń sọ nípa ohun mímu gbogbo pé ‘ó dùn,’ tí a sì dákẹ́, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni a ń sọ nù. Ọmọ wa kì yóò lè ṣe ìdájọ́ ọtí àgbẹ̀ ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kì yóò mọ ti ilé rẹ̀.