Èjìká Tó Yẹ̀: Àwọn Wo Ni Iṣẹ́ Abẹ Wúlò Fún?

Nínú gbogbo oríkèé ńláńlá tó wà lára ènìyàn, kò sí èyí tó máa ń yẹ̀ tó èjìká. Orí eegun apá tóbi ju ojú ihò tó jókòó sí lọ. Àwọn iṣan àyíká rẹ̀ ni wọ́n dì í mú. Nínú 100 èjìká tó bá yẹ̀, ó lé ní 90 tó ń yẹ̀ sí iwájú.

Káàkiri Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun nílànà ìbílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣubú lórí ọ̀kadà ní Dogarawa, ní Zaria, kò jìnnà sí ilé ìwòsàn ńlá Yunifásítì Ahmadu Bello ní Shika, bẹ́ẹ̀ ni ilé ìwòsàn eegun ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Dala, Kano. Ìdádúró léwu. Bí ó bá ti ju ọ̀sẹ̀ 3 lọ tí èjìká ti yẹ̀, ó máa ń ṣòro láti fi ọwọ́ lásán dá a padà. Iṣẹ́ abẹ ló sábà máa ń kù, àbájáde rẹ̀ kì í sì í dára tó ti ẹni tó tètè dé ilé ìwòsàn.

Fún ọ̀dọ́ tí èjìká rẹ̀ ń yẹ̀ lemọ́lemọ́, iṣẹ́ abẹ méjì ló gbajúmọ̀. Àkọ́kọ́ ni dídá ohun tó ya kúrò létí ihò eegun padà sáyè rẹ̀, èyí tí Bankart, oníṣẹ́ abẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé lọ́dún 1923. Èkejì ni fífi eegun kékeré kún etí ihò náà, èyí tí Latarjet, ọmọ ilẹ̀ Faransé, gbé jáde lọ́dún 1954. Méjèèjì máa ń dín yíyẹ̀ padà kù gidigidi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá lè le, egbò lè kẹ̀, iṣan ìmọ̀lára sì lè fara pa.

Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló nílò rẹ̀. Ìwádìí kan ní Sweden, tó jáde lọ́dún 2008, tọ́pa àwọn aláìsàn fún ọdún 25. Láàárín àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láti 12 sí 25 nígbà tí èjìká wọn kọ́kọ́ yẹ̀, tí wọn kò sì ṣiṣẹ́ abẹ, ìdajì ni èjìká wọn kò yẹ̀ mọ́ tàbí tó padà dúró ṣinṣin fúnra rẹ̀.

Ní ti àwọn tó ti lé ní ẹni 40 ọdún, yíyẹ̀ padà kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ iṣan èjìká wọn lè ya. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò bá lè gbé apá sókè lẹ́yìn tí wọ́n ti dá èjìká padà, ó yẹ kí dókítà tún un yẹ̀ wò.

Bí èjìká bá yẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fà á. Ẹ fi aṣọ gbé apá náà kọ́ ọrùn, kí ẹ sì tètè lọ ya àwòrán X-ray.