Ọ̀rọ̀ Ìkìlọ̀ fún Àwọn Atukọ̀ àti Àwọn Tí Ń Wọ Ọkọ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Ìṣẹ́ Èkìtì àti agbègbè rẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni nínú yín tí kò mọ ìwà Odò Ògbèsè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, yanrìn a yọ, òkúta a sì hàn. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀ ní òkè odò, omi a gba gbogbo bèbè, a sì máa gbé ìtì igi lọ bí ẹni gbé koríko. Ẹni tí ó dàgbà sí etí irú odò bẹ́ẹ̀ lè máa rò pé òun ti mọ omi tán. Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ ni pé, odò tí a mọ̀ lánàá lè má ṣe odò tí a óò bá lónìí. Iṣẹ́ tàbí òwò sì lè gbé ẹnikẹ́ni nínú wa dé etí Odò Ọya, níbi tí àṣìṣe kékeré ti ń di ọ̀fọ̀ ńlá.

Ní Oṣù Kẹfà ọdún 2023, àwọn tí ó lọ síbi ìgbéyàwó ń padà bọ̀ lóru lórí Odò Ọya, ní agbègbè Pàtígí ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Òjò ti ba ọ̀nà jẹ́, nítorí náà àwọn tí ó gun alùpùpù wá pàápàá wọ inú ọkọ̀ kan náà. Ọkọ̀ náà kún ju bí ó ti yẹ lọ. Ó kọlu ìtì igi tí ó fara pamọ́ sínú omi, ó sì là. Ó lé ní 100 ènìyàn tí ó bá omi lọ. Ní Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ẹ̀wẹ̀, ọkọ̀ mìíràn tí ó kún fún èrò kọlu kùkùté igi ní agbègbè Malale ní Borgu, ó sì lé ní 30 ẹ̀mí tí ó ṣòfò.

Ọ̀ràn yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Odò yìí kan náà ni ó gba ẹ̀mí Mungo Park ní Búsà ní ọdún 1806. Ní ọdún 1857, ọkọ̀ èéfín Dayspring kọlu àpáta nítòsí Jẹ́bà, ó sì rì; Àlùfáà Crowther àti Glover, ẹni tí ó di Gómìnà Èkó lẹ́yìn náà, wà nínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ òyìnbó kò bá lè dojú kọ àpáta, kí ni ọkọ̀ pákó yóò ṣe?

Ẹ jẹ́ kí a mọ ìdí tí odò náà fi ń yípadà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Odò Ọya ń kún lọ́dún ní ilẹ̀ wa. Omi àkọ́kọ́ ni ti òjò àdúgbò. Ó funfun fún ẹrẹ̀, ó sì máa ń dé nígbà òjò. Omi kejì ń ti òkè ilẹ̀ Guinea bọ̀, ó ń gba ilẹ̀ Mali kọjá fún oṣù púpọ̀, ó sì dé ọ̀dọ̀ wa ní dúdú nígbà ọyẹ́, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò retí òjò. Bí omi ti ń wá tí ó sì ń lọ ni yanrìn ń ṣípò. Ọ̀nà tí ọkọ̀ gbà lọ́dún tí ó kọjá lè ti di òkìtì yanrìn.

Nítorí náà, kí atukọ̀ kọ́ láti máa ka ojú omi. Bí omi bá pín sí méjì, tí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sí òkè odò, ohun kan ń bẹ lábẹ́ rẹ̀: ẹ yà fún un. Bí ṣóńṣó náà bá kọjú sí ìsàlẹ̀ odò, tí omi sì ń yọ̀ lọ geere láàárín, ibẹ̀ ni ọ̀nà sábà máa ń wà. Níbi tí odò bá ti tẹ̀, omi a máa jìn ní ẹ̀gbẹ́ òde, yanrìn a sì kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ inú. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ òde náà ni igi máa ń wó sí. Igi tí ó dábùú omi, tí omi ń gba àárín ẹ̀ka rẹ̀ kọjá, burú ju àpáta lọ, nítorí pé ó ń jẹ́ kí omi lọ, ó sì ń di ènìyàn mú.

Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ẹ dì í mú láti ìhà òkè odò, kí ó má baà fún yín mọ́ igi. Ẹni tí omi bá ń gbé lọ, kí ó dùbúlẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣíwájú. Kí ó má ṣe gbìyànjú láti dìde dúró nínú omi tí ń sáré, nítorí òkúta lè há ẹsẹ̀ rẹ̀.

Àjọ NIWA, tí ń ṣàkóso ọ̀nà omi ilẹ̀ wa láti Lọ́kọ́ja, ti ka ìrìn òru léèwọ̀, ó sì ti pàṣẹ pé kí olúkúlùkù èrò wọ ẹ̀wù tí ń mú ni léfòó. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró ní gbogbo ebúté. Ẹ̀yin ìyá wa tí ń ná ọjà, ẹ̀yin òbí tí ń fa ọmọ lọ́wọ́, bí ẹ bá rí i pé ètí ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá omi dọ́gba, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Kí wọ́n pè yín ní ojo sàn ju kí a máa wá òkú yín kiri ìsàlẹ̀ odò. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí a rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa odò.