Ẹ̀kọ́ Tí A Ń Bù Díẹ̀díẹ̀

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ sì ni ẹ̀kọ́ tí yóò bá ènìyàn dalẹ́ ṣe ń wọ inú ọpọlọ. Ní ọdún 2011, nígbà tí Sebastian Thrun àti Peter Norvig ṣí ẹ̀kọ́ wọn nípa ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n ní Yunifásítì Stanford sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún tọmọdé tàgbà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nǹkan bí 160,000 ènìyàn ló forúkọ sílẹ̀. Síbẹ̀, wọn kò da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni da àgbàdo fádìyẹ: ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni fídíò tirẹ̀ ń jáde, pẹ̀lú iṣẹ́ àṣetiléwá tó ní gbèdéke. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ já sọ́nà, ṣùgbọ́n àwọn tó bá wọn dé òpin lé ní 20,000, èyí tí kò sí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ tó lè gbà wọ́n.

Ọgbọ́n pípín ẹ̀kọ́ báyìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: Hermann Ebbinghaus ará Jámánì ti kọ ọ́ sínú ìwé ní 1885 pé ohun tí a pín kọ́ sí ọjọ́ púpọ̀ ń dúró lọ́kàn ju èyí tí a rọ́ sórí lọ́jọ́ kan.

Mo mọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n kó fídíò ogójì lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó sanwó ẹ̀kọ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó wo mẹ́ta lóru, oorun gbé e lọ, fóònù wà láyà rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Ó dùn mí, nítorí ọmọ náà kì í ṣe ọ̀lẹ: òkèlè ló pọ̀ ju ọ̀nà ọ̀fun lọ. Ṣùgbọ́n kí olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí àlàfo láàárín ẹ̀kọ́ kan sí èkejì gùn jù, nítorí ebi ẹ̀kọ́ a máa kú bí a bá pẹ́ gbé oúnjẹ dé.