Nígbà tí àgbà wà lẹ́wọ̀n, ọmọdé ló di ìjọsìn mú

Bí ènìyàn bá dárúkọ Quaker, agolo ọ́ọ̀tì ni ọkàn ọ̀pọ̀ nínú wa yóò kọ́kọ́ lọ sí, èyí tí àwòrán bàbá arúgbó kan tó dé fìlà wà lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó dá ilé iṣẹ́ ọ́ọ̀tì náà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà kì í ṣe ọmọ ìjọ Quaker. Orúkọ rere tí àwọn ará ìjọ náà ní gẹ́gẹ́ bí olóòótọ́ ènìyàn ni wọ́n fi ta ọjà wọn. Ẹni tó jẹ́ Quaker gan-an ni John Cadbury, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ìlú Birmingham ní ọdún 1824. Inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ni ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ Bournvita ti ṣẹ̀ wá.

Nígbà ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa, láàárín ọdún 1967 sí 1970, àwọn Quaker wà lára àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Ọ̀gágun Yakubu Gowon àti Ọ̀gágun Odumegwu Ojukwu, kí ìjà náà lè parí. Ọ̀kan lára wọn ni ọ̀mọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Adam Curle. Ṣáájú ìgbà náà, ní ọdún 1947, ẹgbẹ́ wọn méjì ló jọ gba ẹ̀bùn Nobel fún àlàáfíà.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ogun ló gbé wa dé ọ̀dọ̀ wọn lónìí, ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Ìbéèrè kan wà tí àwọn ènìyàn yìí ti ń bi ara wọn fún ohun tó lé ní 300 ọdún: ibo ni àyè ọmọdé nínú ìjọsìn? Ṣé kó jókòó ti àgbà ni, àbí kó bọ́ síta títí àgbà yóò fi ṣe tán?

Ìjọsìn láìsí ìwàásù

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1650. George Fox, ọmọ ahunṣọ kan tí wọ́n bí ní ọdún 1624, ló ṣáájú wọn. Ohun tó ń wàásù kò ṣòro: ó ní ìmọ́lẹ̀ Ọlọ́run wà nínú olúkúlùkù ènìyàn, ọkùnrin àti obìnrin, olówó àti tálákà, nítorí náà kò dìgbà tí àlùfáà bá dúró láàárín kí ènìyàn tó gbọ́ ohùn Ẹlẹ́dàá rẹ̀.

Títí di òní, bí ẹ bá wọ ilé ìpàdé wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi, ẹ kò ní bá pẹpẹ, ẹ kò ní gbọ́ dùùrù, ẹ kò sì ní rí pásítọ̀. Wọ́n á jókòó yíká, ojú á ko ojú, gbogbo ilé á sì pa rọ́rọ́ fún nǹkan bí wákàtí kan. Ẹni tí Ẹ̀mí bá ta jí á dìde, á sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, á tún jókòó. Ìgbà mìíràn wà tí ẹnikẹ́ni kò ní sọ̀rọ̀ rárá. Bí àgbà méjì bá ti bọ ara wọn lọ́wọ́, ìjọsìn parí nìyẹn.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wà nínú gbogbo ènìyàn lóòótọ́, ó wà nínú ọmọ ọdún mẹ́fà náà. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ mú ọmọ ọdún mẹ́fà jókòó fún wákàtí kan láìsọ̀rọ̀, láìjuwọ́, láìjusẹ̀?

Ohun tí ojú ọmọ rí ní Bristol

Àwọn Quaker kì í gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Bristol ní ọdún 1682. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà kò fẹ́ ìjọsìn mìíràn yàtọ̀ sí ti ìjọ ìjọba. Òfin kan wà tí wọ́n ṣe ní ọdún 1664, tí wọ́n tún ṣe ní ọdún 1670, tó sọ pé bí ènìyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí kì í ṣe ará ilé kan náà bá pé jọ ṣe irú ìjọsìn bẹ́ẹ̀, wọ́n ti dáràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti kọjá ọmọ ọdún 16 ni òfin náà ń bá wí.

Bí wọ́n ṣe kó àwọn àgbà Quaker Bristol sẹ́wọ̀n nìyẹn, bàbá àti ìyá, títí ó fi kù díẹ̀ kí ilé ìpàdé di ahoro. Àwọn ọmọ tó kù sílé ló kó ara wọn jọ. Wọ́n ń lọ jókòó síbi tí àwọn òbí wọn máa ń jókòó sí, wọ́n sì ń dákẹ́ bí àwọn òbí wọn ṣe ń dákẹ́. Àwọn aláṣẹ lé wọn, wọn kò lọ. Wọ́n nà wọ́n, wọ́n kan àbà mọ́ àwọn ọmọkùnrin kan lẹ́sẹ̀, wọ́n sì ti àwọn mìíràn mọ́lé. Ní ọjọ́ ìpàdé tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ yìí tún dé. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú ní ìlú Reading ní ọdún 1664. Ní ọdún 1689 ni ìjọba ṣe òfin tó fún àwọn Quaker láyè láti sin Ọlọ́run bó ṣe wù wọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ro ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Kò sí àgbà kankan nílé tó lè sọ fún àwọn ọmọ yìí pé kí wọ́n lọ. Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n máa ń lé wọn síta nígbà tí ìjọsìn bá ń lọ lọ́wọ́, báwo ni wọn ì bá ṣe mọ ohun tí wọn yóò ṣe ní ọjọ́ tí àgbà kò sí? Wọ́n ti jókòó tì wọ́n, wọ́n ti rí i, ó sì ti di tiwọn.

Ilé ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀

Rufus Jones, ọ̀kan lára àwọn Quaker tó lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní ọdún 1863 ní abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Maine, kọ ìwé nípa ìgbà èwe rẹ̀. Nínú ilé wọn, ilẹ̀ kì í mọ́ kí wọ́n má pé jọ. Ìyá rẹ̀ á ka Bíbélì, lẹ́yìn náà gbogbo ilé á dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kí oníkálukú tó gba ẹnu iṣẹ́ lọ. Kò sí ẹni tó jókòó ṣàlàyé ìdákẹ́jẹ́ náà fún un. Ó bá a nílé ni, bí ọmọ ṣe ń bá èdè ìyá rẹ̀ nílé.

Wọ́n tún kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Ní ọdún 1779, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ Ackworth ní Yorkshire fún ọmọ àwọn Quaker tí kò lówó lọ́wọ́. Ní Washington, ilé ẹ̀kọ́ Sidwell Friends ti wà láti ọdún 1883. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin Ààrẹ Barack Obama méjèèjì lọ nígbà tí bàbá wọn gorí àlééfà ní ọdún 2009. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kì í ṣe Quaker, síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni wọ́n máa ń jókòó nínú ìpàdé ìdákẹ́jẹ́.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Lóde òní, ohun tí ọ̀pọ̀ ìjọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà ń ṣe ni pé kí ọmọdé bá àgbà jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, yálà ní ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ní ìparí. Ìyókù àkókò, wọ́n á wà nínú yàrá tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, Ilé Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Kìn-ín-ní ni wọ́n ń pè é, nítorí pé Ọjọ́ Kìn-ín-ní ni orúkọ tí àwọn Quaker àtijọ́ ń pe ọjọ́ ìsinmi.

Nínú yàrá yẹn, olùkọ́ á sọ ìtàn kan, láti inú Bíbélì tàbí láti inú ìtàn ìjọ. Lẹ́yìn náà, dípò kó ní kí wọ́n dá ìdáhùn kan ṣoṣo padà, á bi wọ́n pé kí ló yà wọ́n lẹ́nu nínú rẹ̀, ibo ni àwọn fúnra wọn wà nínú ìtàn náà. Ẹni tó bá fẹ́ ya àwòrán á yà á. Ẹni tó bá fẹ́ dákẹ́ á dákẹ́. Ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í fi ọmọ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni lásán: wọ́n máa ń yẹ àkọsílẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ bá ọmọdé ṣiṣẹ́ wò, bóyá ó ti dáràn rí.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán. Àwọn kan ní ariwo ọmọ ń da ìdákẹ́jẹ́ rú, pé àwọn tó ti ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé fẹ́ sinmi níwájú Ọlọ́run. Àwọn mìíràn dáhùn pé ìjọ tí kò gbọ́ ohùn ọmọ mọ́ ti ń gbọ́ ìparí ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ìjọ kan fi ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún ìjọsìn tí tọmọdé tàgbà yóò jọ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Àwọn Quaker kì í fi omi ṣe ìrìbọmi fún ọmọ. Láti ọdún 1737, ọmọ tí òbí rẹ̀ bá jẹ́ Quaker ti di ọmọ ìjọ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i, ṣùgbọ́n ní ọdún 1959 àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì fi òpin sí èyí. Láti ìgbà náà, bíbí nìkan kò sọ ọmọ di ọmọ ìjọ mọ́ lọ́dọ̀ wọn. Bí ọmọ kò bá rí nǹkan fẹ́ràn níbẹ̀ nígbà èwe, kí ni yóò dá a padà?

Kì í ṣe gbogbo Quaker ló ń jọ́sìn ní ìdákẹ́jẹ́ o. Kenya ni wọ́n pọ̀ sí jù lọ ní gbogbo ayé, láti ìgbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà mẹ́ta ti dé Kaimosi ní ọdún 1902. Ibẹ̀ ní pásítọ̀, orin àti ìwàásù. Bí ọ̀nà ṣe yàtọ̀ tó nìyẹn, ọ̀rọ̀ ọmọ kò yàtọ̀.

Tótó, ó ṣe bí òwe, ẹ̀yin àgbà: ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwọn ọmọ Bristol kò ta ilé bàbá wọn. Nígbà tí bàbá wà lẹ́wọ̀n, àwọn ni wọ́n ń ṣọ́ ọ.