"Branch" ní Warri, "Yà" ní Ilé: Ọ̀rọ̀ Tí Ó Ń Tọ́ Ọkọ̀

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ fi Warri ṣe ibùjókòó, ẹ kò ní ṣàì rántí ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ wọ ọkọ̀ èrò ní ìlú náà. Èmi kò gbàgbé tèmi. A ti kọjá Ráńdábáòtù Effurun, níbi tí ọ̀nà tí ó ti Benin àti Sapele bọ̀ ti pàdé èyí tí ó ń lọ sí Ughelli, nígbà tí awakọ̀ bojú wẹ̀yìn tí ó sì bi mí pé, "Oga, you go branch?" Ẹ̀ka igi tàbí ẹ̀ka báǹkì ni wọ́n fi kọ́ mi ní ilé ẹ̀kọ́ pé "branch" jẹ́. Mo dá a lóhùn tìgboyà-tìgboyà pé n kò ní ẹ̀ka kankan, ìsọ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ohun tí ọkùnrin náà ń bèèrè kò ju bóyá n óò yà ní Enerhen Junction tàbí kí ó máa gbé mi lọ tààrà. Kí wọn tó rẹ́rìn-ín tán, a ti ré ibi tí ó yẹ kí n sọ̀ kalẹ̀ kọjá. Mo fi ẹsẹ̀ rìn padà nínú oòrùn ọ̀sán, ẹrù lórí.

Lójú ọ̀nà náà ni mo ti rò ó wò pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àlejò sí mi rárá. "Yà" ń ṣe iṣẹ́ méjì lẹ́nu wa. A ń sọ pé "yà sí ọwọ́ òsì", a sì ń sọ pé "yà sílé wa bí o bá ń ti ọjà bọ̀". Bákan náà gẹ́lẹ́ ni "branch" ṣe rí lẹ́nu ará Warri: ó ń júwe ibi tí ọkọ̀ yóò gbà, ó sì ń júwe ilé tí ènìyàn yóò dúró kí díẹ̀ kí ó tó máa lọ. "Turn" ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò lè ru ẹrù kejì yìí. Wọn a máa wá ọ̀rọ̀ mìíràn sí i. N kò sọ pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti rí i mú o. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti Ìyànà Ìpájà tàbí Ìyànà Ìbà wá láti Èkó, tí ó sì mọ̀ pé "yà" àti "ọ̀nà" ni ó parapọ̀ di "ìyànà", kò yẹ kí irú ìrìn tí mo rìn ní ọjọ́ náà jẹ ẹ́ níyà.

"Turn" ni bàbá gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Irinṣẹ́ tí àwọn Gíríìkì àtijọ́ fi ń yí igi kí wọ́n lè gbẹ́ ẹ kí ó rí rogodo ni ó ti ṣẹ̀. Nítorí náà, kọ́kọ́rọ́, táyà, orí ènìyàn àti ọkọ̀ tí ó dé oríta, "turn" kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe. Yorùbá kì í da wọ́n pọ̀ bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ a máa yí. Ọkọ̀ a máa yà. Ẹni tí ó gbàgbé àpamọ́wọ́ sílé a ṣẹ́rí padà. Ẹni tí ó bá kòtò pàdé lójijì a yẹ̀ ẹ́, èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "swerve". Ọmọ ará wa kan tí wọ́n bí sí Warri pe ìyá rẹ̀ àgbà lórí fóònù, ó ní, "Ìyá, mọ́tò Dádì ti yí." Ohun tí ó fẹ́ sọ ni pé bàbá òun ti ṣẹ́rí padà sílé nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ìyá àgbà gbọ́ pé mọ́tò ti gbókìtì, ó figbe ta, àwọn aládùúgbò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ kí bàbá ọmọ náà fúnra rẹ̀ tó gba fóònù.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti wà ní Warri láti ìgbà tí ó wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Àárín Ìwọ̀-Oòrùn, kí ó tó di ti Bendel ní ọdún 1976 àti ti Delta ní ọdún 1991, ẹ ó rántí ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Ọjọ́ Àìkú ni, ọjọ́ Àjíǹde sì ni pẹ̀lú. Títí di alẹ́ tí ó ṣáájú rẹ̀, ọwọ́ òsì títì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti fi kọ́ wa. Láti ọjọ́ náà lọ, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon pa á láṣẹ pé kí gbogbo ọkọ̀ máa gba ọwọ́ ọ̀tún, bí wọ́n ti ń ṣe ní Niger àti ní Dahomey, tí a ń pè ní Orílẹ̀-èdè Benin lónìí. Sweden ti ṣe irú rẹ̀ ní ọdún 1967. Ghana ṣe tirẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1974.

Ọ̀rọ̀ kò yí padà ní ọjọ́ náà, iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ń rán ènìyàn ni ó yí padà. Lábẹ́ òfin àtijọ́, bí a bá ní kí awakọ̀ yà sí òsì, yóò kàn rọra fẹ̀gbẹ́ títì ni, kò ní dá ọ̀nà ẹnikẹ́ni kọjá. Yíyà sí ọ̀tún ni ó ní wàhálà, nítorí pé yóò kọ́kọ́ dúró kí àwọn tí ń bọ̀ níwájú rẹ̀ kọjá. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ Àjíǹde mọ́, ọ̀tún di ìrọ̀rùn, òsì sì di ibi tí a gbọ́dọ̀ ti dúró wo iwájú. Etí awakọ̀ lè gbọ́ àṣẹ tuntun lórí rédíò, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ orí sítíárìn kò gbọ́ rédíò.

Àwọn atukọ̀ òkun ti rí irú rẹ̀ rí. Warri jẹ́ ìlú èbúté, ẹ sì ń rí ọkọ̀ ńlá tí ń gba Odò Forcados wọlé. Láyé àtijọ́, bí ọ̀gá ọkọ̀ bá pàṣẹ "starboard", èyí tí í ṣe apá ọ̀tún ọkọ̀, apá òsì ni ọkọ̀ yóò yà sí. Ìdí rẹ̀ ni pé igi ìtọ́kọ̀ ni wọ́n ń bá wí, bí a bá sì ti igi náà sí ọ̀tún, imú ọkọ̀ a lọ sí òsì. Irú àṣẹ yìí ni William Murdoch pa nínú ọkọ̀ Titanic ní alẹ́ ọjọ́ 14 oṣù kẹrin ọdún 1912, nígbà tí wọ́n rí òkìtì yìnyín níwájú. Ọ̀tún ni ó wí, òsì ni ọkọ̀ yà sí, bí ó sì ti fẹ́ kí ó rí nìyẹn. Ó di àwọn ọdún 1930 kí àwọn orílẹ̀-èdè tó fi ìmọ̀ ṣọ̀kan pé ibi tí ẹnu bá wí ni kí imú ọkọ̀ máa kọ sí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ ẹrù ni ọ̀rọ̀ yìí ti le jù, nígbà tí awakọ̀ bá ń fi ẹ̀yìn rìn. Ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ a kígbe pé "Cut am!", ìyẹn ni pé kí awakọ̀ yí sítíárìn. Bí ó bá tó, a tún kígbe pé "Lost am!", ìyẹn ni pé kí ó tú u padà kí táyà lè dúró gbọọrọ. Kò sí ìwé ilé ẹ̀kọ́ tí ó kọ́ ni bẹ́ẹ̀; ohun tí ó sọnù ni "lost" nínú ìwé. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa kan tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé ń fi ẹ̀yìn rìn wọ àdúgbò tóóró kan lẹ́bàá ọjà lójú mi. Wọ́n ń pariwo "Lost am! Lost am!" Ó rò pé ẹrù ti já bọ́, ó ń wo inú dígí láti rí ohun tí ó sọnù, sítíárìn sì wà ní yíyí lọ́wọ́ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ inú àtíbàbà obìnrin kan tí ń ta tòmátì. Obìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lọ bu omi ni. Àpótí ìjókòó rẹ̀ ni táyà gùn mọ́lẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé mi ní ohùn méjèèjì. Bí mo bá ń fi ẹ̀yìn ọkọ̀ wọ ọgbà ní alẹ́, èyí àgbà a dúró lẹ́yìn, a ní, "Ẹ yí i sí ọ̀tún, Bàbá. Ó tó, ẹ tú u." Àbúrò rẹ̀ tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣáájú òun a ti ké "Lost am!" kí ó tó sọ ọ́ tán, nígbà mìíràn pàápàá kí ó tó yẹ kí n tú u.