Ahun Inú Igbó Ilẹ̀ Ìkálẹ̀
Igbá ahun; orúkọ ahun náà nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ni *Kinixys homeana*, tí Bell sọ ọ́ ní 1827

Ahun kékeré yìí, tí igbá rẹ̀ kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 22 lọ, jẹ́ ẹ̀dá igbó kìjikìji irú èyí tí ó bo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní agbègbè Òkìtìpupa tẹ́lẹ̀. Ní ẹ̀yìn igbá rẹ̀ ni oríkèé kan wà, ìyẹn ojú ibi tí igbá ti lè tẹ̀, tí ahun fi ń pa ẹ̀yìn rẹ̀ dé nígbà tí ewu bá dé, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn àti ìrù má baà hàn síta. Olú, ìgbín, kòkòrò àti èso tí ó já bọ́ ni oúnjẹ rẹ̀.

Ìbátan rẹ̀ tí ń gbé ọ̀dàn, *Kinixys nogueyi*, a máa sá pamọ́ títí ẹ̀ẹ̀rùn yóò fi kọjá, ṣùgbọ́n ti inú igbó kò lè ṣe láìsí ibòji àti ewé tútù nílẹ̀. Nítorí náà, bí a ti ń gé gẹdú, tí oko ọ̀pẹ ń gba ipò igbó, tí àwọn ènìyàn sì ń pa á fún ẹran àti oògùn, iye rẹ̀ ń dínkù, kò sì lè tètè pọ̀ padà, nítorí pé ẹyin díẹ̀ ló ń yé. Àjọ IUCN, tí ń ṣọ́ ohun abẹ̀mí lágbàáyé, ti kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ó wà ní bèbè àparun.